Ìṣó Tí Baálé Mi Fà Yọ

Mo ń po wàrà kíkan nínú àpò awọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì ń fi orin ti ọwọ́ mi lẹ́yìn, nítorí wàrà abo ẹṣin kì í kan dáadáa bí ẹni tó ń pò ó bá pa ẹnu mọ́. Bí ìyá mi ṣe wí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ po tirẹ̀ láìkọrin, kó wá bù ú fún mi tọ́ wò.

*Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko,*
*Kẹ̀kẹ́ kì í mu omi odò,*
*Kẹ̀kẹ́ kì í bímọ sílé ẹni,*
*Ọmọ mi, kí lo rí lára kẹ̀kẹ́?*

Èmi ni mo kọ orin yẹn, mo fi ń fi Aijarkin, ọmọ ọmọ mi, ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé ẹlẹ́ṣin la bí i sí. Ó ti ń gun ẹṣin kí eyín rẹ̀ tó pé. Àfi bó ṣe dàgbà tán tó ní kẹ̀kẹ́ ni ọkàn òun yàn. Bàbá rẹ̀ bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì rẹ́rìn-ín tán.

Obìnrin kan jókòó sórí ẹní irun níwájú àgọ́ wa lọ́jọ́ yẹn, ó ti bọ́ bàtà, ó ń mu wàrà. Makpal lorúkọ rẹ̀, Kasaki ni, láti òdìkejì ẹnubodè. Òun náà wà nínú eré kẹ̀kẹ́ tí Aijarkin ń sá. Ó mu abọ́ kan tán, ó nu ẹnu, ó ní àwọn Kasaki ló mọ wàrà pò jù láyé yìí, àmọ́ kí n bu òmíràn wá kó lè dá òun lójú. Mo bù ú fún un. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tan àgbàlagbà.

Eré náà, lọ́dọọdún ni. Bí ìgbà ooru bá ti ń lọ sópin, àwọn ènìyàn a wá láti ìlú oríṣiríṣi, wọn a fi kẹ̀kẹ́ la àwọn òkè wa kọjá. Èèwọ̀ rẹ̀ le ju èèwọ̀ ilé ọkọ lọ. Ẹni tó ń sáré, òun nìkan ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, ohun tó gbé sẹ́yìn ni yóò fi tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, pàápàá àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà lọ́wọ́ wa ni ohun tí a bá ń fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nítorí náà, láti àná ni mo ti ń bu wàrà fún olúkúlùkù wọn, funfun, dúdú àti pupa, kí n lè rí ọ̀nà bu abọ́ kan fún ọmọ mi.

Lọ́dún tó kọjá, inú rírun mú un lọ́nà, ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó bá já ló gbé e padà wálé. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bó bá parí eré, àwọn tó ń mú àlejò gun òkè ní ìlú Naryn yóò gbà á síṣẹ́, yóò máa fi kẹ̀kẹ́ ṣamọ̀nà wọn, yóò sì wà nítòsí. Bí kò bá parí rẹ̀, yóò lọ bá àwọn ìbátan wa ní Mọ́síkò, níbi tí àwọn ọmọbìnrin wa ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Aijarkin, tó kórìíra abẹ́rẹ́ bí ológbò ṣe kórìíra òjò. Àwọn tó bá lọ síbẹ̀ kì í tètè bọ̀, èmi sì ti darúgbó. Bó bá lọ, ojú mi àti ojú rẹ̀ lè má pàdé mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn, gbogbo orin tí mo ń kọ lọ́jọ́ yẹn, mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí aṣọ pupa rẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ láti etí odò.

Ibùdó tó gbẹ̀yìn nínú eré náà wà lẹ́yìn ẹnu-òkè Kara-Bel, níbi tí ọ̀nà ti la orí òkè kọjá. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, ọ̀nà tó kù fún un, ìsọ̀kalẹ̀ ni títí dé òpin. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ ibùdó, ó já nìyẹn. Mo wo oòrùn. Ó ṣì ga. Mo bu wàrà sábọ́, mo dìde.

Ní ọ̀dọ̀ wa, àlejò kì í so ẹṣin rẹ̀ fúnra rẹ̀. Onílé ni yóò dìde, yóò gba ìjánu, yóò mú ẹṣin lọ síbi okùn. Ẹni tó bá jókòó tí àlejò fi so ẹṣin, orúkọ ìdílé rẹ̀ ti bàjẹ́ dé ìsàlẹ̀ àfonífojì. Baálé mi (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, obìnrin wa kì í pe orúkọ ọkọ) ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mo ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé bí ọmọ bá dé, kó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́. Ìkìlọ̀ máa ń wọ etí rẹ̀ o, kì í kàn dé ọwọ́ ni.

Aijarkin sọ̀ kalẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kó tó kí wa tán, baálé mi ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ìjánu.

Ata la máa ń pe bàbá àgbà lọ́dọ̀ wa, Apa ni ìyá àgbà. Ọmọ náà sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, pé, "Ata, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìṣó yẹn."

Etí òsì baálé mi ló sọ ọ́ sí, etí yẹn sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin náà ti mú kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ẹṣin wa. Ó fọwọ́ ra táyà ẹ̀yìn bó ṣe máa ń ra ẹsẹ̀ ẹṣin, ìka rẹ̀ sì kan orí ìṣó. Ìṣó bàtà ẹṣin ni, èyí tó bọ́ sílẹ̀ lára ẹṣin ẹlòmíràn. Ta ni yóò rí ìṣó lẹ́sẹ̀ ẹṣin àlejò tí yóò fi í síbẹ̀? Ó yọ ẹ̀mú láti inú bàtà rẹ̀, ó di orí ìṣó mú, ó fà á.

Láti àfárá ìsàlẹ̀ ni Aijarkin ti mọ̀ nípa ìṣó náà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí ìṣó yẹn fúnra rẹ̀ ló dí ihò tó lu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ gùn ún kọjá òkè. Ṣùgbọ́n ìṣó náà ti ká bí ìwọ̀ ẹja nínú lọ́hùn-ún, nígbà tí baálé mi sì fà á, ó fa ẹ̀gbẹ́ táyà ya dání.

Táyà náà ké fíìì. Omi funfun tú jáde, ó bo irùngbọ̀n baálé mi, ó ta sí ẹṣin lójú. Ẹṣin fò sẹ́yìn, ó kọlù mí, abọ́ wàrà tí mo gbé bọ̀ fún ọmọ mi sì dànù sílẹ̀.

Táyà ayé ìsinsìnyí kò ní tíúbù nínú. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi funfun kan tó rí bíi wàrà gẹ́lẹ́. Bí ẹ̀gún bá gún un, omi náà a sáré lọ síbi tó ti jò, a dì síbẹ̀, ẹni tó ń gùn ún lè má mọ̀ rárá. Ẹ̀gún nìyẹn. Ibi tó ya yìí gùn tó ìka ọmọńdinrín mi.

Aijarkin kò pariwo. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà, ó dojú rẹ̀ dé, ó yí táyà títí ibi tó ya fi wà nísàlẹ̀ kí omi tó kù lè ṣàn lọ síbẹ̀. Omi náà ṣàn lọ síbẹ̀, ó sì ṣàn jáde. Ó mú okùn rọ́bà kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ó fi irin kékeré tì í wọ inú ihò, ó fún táyà láfẹ́fẹ́. Táyà pọ̀ ọ́ jáde. Ó ti méjì wọlé pa pọ̀. Ó pọ àwọn náà. Ó ti gbogbo èyí tó kù wọlé, ó ń fún un láfẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n dúró, mo ti fẹ́ mí, ni gbogbo wọn bá fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá tu oògùn.

Mo béèrè bóyá kò ní tíúbù tó lè kì bọ̀ ọ́. Ó ní èyí tóun gbé dání ti wà nínú táyà iwájú láti ìjẹta, nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún létí odò.

Baálé mi dúró ti ẹṣin, omi funfun ń kán lára irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun yóò gun ẹṣin lọ sí abúlé, òun yóò wá táyà bọ̀. Ó na ọwọ́ láti bá ọmọ di kẹ̀kẹ́ mú.

Makpal kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ata, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọwọ́ yín bá tún kàn án, ẹ ti fòpin sí eré rẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo bi í léèrè bóyá ti àkọ́kọ́ kò tíì fòpin sí i, bóyá wọn ò ní ka fífà ìṣó sí ìrànlọ́wọ́.

"Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀, Apa? Kí Ọlọ́run máa ran àwọn ọ̀tá mi lọ́wọ́ báyẹn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Baálé mi ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó lọ jókòó sẹ́yìn àgọ́ níbi tí kò ti ní rí nǹkan kan. Makpal ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ń so ó, ó ń tú u, ó tún ń so ó. Mo rí i pé kò fẹ́ lọ kó tó mọ ibi tí yóò já sí.

Aijarkin ṣí àpò. Ohun tó mú jáde yà mí lẹ́nu: abẹ́rẹ́ ẹní irun mi, èyí tó tẹ̀ díẹ̀ lórí, tí mo fi kọ́ ọ láti rán ẹní nígbà tó wà ní kékeré. Ìgbà tó kà á sí ìyà, ó jù ú sínú koríko, mo rò pé ó ti sọnù. Kò sọnù. Ó ti gbé e gun gbogbo àwọn òkè wọ̀nyẹn.

Ó yọ etí táyà kan kúrò lára ríìmù. Ó ki òwú líle bọ ojú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí rán ibi tó ya. Ojú mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kìíní ti sún mọ́ etí jù. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kún un, gbogbo rẹ̀ yóò ya wéré. Ẹnu ń yún mi. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n. A ní orin kan tí a fi ń rán ẹní irun, orin náà ló ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà. Bí mo bá kọ ọ́, mo ti ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ń kọrin lójú oorun. Mo bu búrẹ́dì, mo kì í bọ ẹnu, mo tún bu òmíràn kì í, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi kún bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ọ. Ó kéré, bí ìgbà tí oyin bá ń kùn nínú ihò igi. Ọmọ náà ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, láàárín eyín.

*Má gún un létí, etí a ya,*
*Wọ inú lọ kó o tó gún un,*
*Fà á kó dì, má fà á pa,*
*Ilé la ń rán, kì í ṣe aṣọ.*

Ó dúró. Ó wo ohun tó ti rán. Ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ ní tuntun, ó ń wọ inú lọ kó tó gún un. Omi bọ́ lójú mi, ó dà sórí búrẹ́dì.

Nígbà tó rán an tán, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ ọn nínú, ó da omi funfun tó kù nínú ìgò rẹ̀ sí i, kò ju ẹnu ṣíbí kan lọ, ó dá etí táyà padà. Pọ́ǹpù ọwọ́ kò lágbára tó láti mú kí etí náà jókòó. Ìgò gáàsì kékeré kan ṣoṣo ló kù fún un. Ó kì í bọ ẹnu táyà, ó wo ojú ọ̀run díẹ̀, ó tú u. Táyà dún pàá, pàá, ó jókòó. Makpal mí kanlẹ̀.

Mímí náà yá jù. Lójú ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìfófòó kékeré bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Aijarkin yí táyà sókè, ó yí i sísàlẹ̀. Ìfófòó kò dáwọ́ dúró. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò tó. Gáàsì ti tán. Ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì wo oòrùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Oòrùn ti kọjá orí òkè kékeré. Nínú ọkàn mi, mo ti ń rí ilé tí kò ní fèrèsé.

Ẹṣin wa ló gbé ẹsẹ̀. Ibi tí wàrà kíkan mi àti omi táyà ti dà pọ̀ ni ó tẹ̀, bó sì ṣe gbé ẹsẹ̀, nǹkan funfun kan fà tẹ̀lé bàtà rẹ̀, ó gùn, ó ń fà, kò já. Ọmọ náà rí i. Ó rá lọ síbẹ̀ lórí eékún, ó mú un láàárín ìka méjì, ó nà án. Ó ti dì bíi wàrà inú ìkòkò, àmọ́ rọ́bà ni.

Ó yíjú sí mi. "Apa, kí lẹ dà síbí?"

Búrẹ́dì kún ẹnu mi. Mo mi orí. Mo tọ́ka sí abọ́ tó dojú dé. Ohun tí mo lè ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wo abọ́ náà, ó wo táyà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó wá dúró níwájú mi bí àlejò tó ń kọjá lọ.

"Apa, mi ò tíì mu wàrà mi o."

Makpal ni mo wò. Abọ́ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ayé ń mu, mo sì ti bu ti ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ dànù. Obìnrin Kasaki náà fa okùn bàtà rẹ̀ le, ó dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Èmi mu méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ohun tí mo máa sọ nìyẹn." Ó kí mi, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà òkè láìwẹ̀yìn.

Mo bu wàrà náà, mo bù ú kún abọ́ dé etí. Aijarkin gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi kan ètè kí ó má bàa jẹ́ pé ó kọ̀ ọ́. Ló bá tú ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táyà, ó rọ wàrà sínú ìgò kékeré rẹ̀, ó sì dà á sínú kẹ̀kẹ́.

Wàrà kì í ṣe ohun tí à ń fún irin mu. Àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí èyí tó dà sílẹ̀ pàápàá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé a máa ń wọ́n ọn sẹ́yìn ẹni tó ń lọ sírìn àjò, mo sì sọ fún ara mi pé eléyìí wulẹ̀ wọ́n tirẹ̀ sínú ni.

Ó ń fi pọ́ǹpù fún un láfẹ́fẹ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìfófòó tún yọ. Ó ń nípọn. Ó di kókó kékeré kékeré lójú ihò kọ̀ọ̀kan, bí èyí tó máa ń wà létí ìkòkò. Ó gbé etí lé táyà, ó fetí sílẹ̀. Odò nìkan ló ń dún. Ó yí i, ó tún fetí sí i.

"Ẹ súre fún mi," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìyẹn kò léèwọ̀, mo ti súre fún gbogbo wọn láti àná. Mo gbé búrẹ́dì mì, mo la àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, mo súre, mo fi nu ojú. Baálé mi yọ láti ẹ̀yìn àgọ́, ó yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò, ó súre tirẹ̀. Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ọ̀nà Kara-Bel yí bí ejò, láti ẹnu àgọ́ wa a lè rí i títí dé orí. A dúró wò ó. Aṣọ pupa di òdòdó, òdòdó di èso kékeré. Òjìji àwọn òkè ń gun òkè tẹ̀lé e. Ní ìyípo tó gbẹ̀yìn, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ̀ ba lé táyà ẹ̀yìn.

Baálé mi ní, "Èmi ni mo pa á." Mo di apá rẹ̀ mú. Mi ò lè sọ pé kì í ṣe òun.

Ó pẹ́ níbẹ̀, títí òjìji fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Lẹ́yìn náà èso pupa yẹn sún, ó sún sí i, ó wọ ẹnu-òkè. A kò rí i mọ́. Oòrùn ṣì kù díẹ̀ lókè, bóyá ó tó, bóyá kò tó. Kò sí orin lẹ́nu mi títí a fi sùn, baálé mi sì bi mí bóyá ara mi ò yá.

Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ tó ń ṣa àwọn tó já sọ̀ kalẹ̀ láti Kara-Bel. Baálé mi ti wà láàárín ọ̀nà kó tó dé. Kò kí awakọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ tààrà, ó gun táyà rẹ̀, ó yọjú wo inú. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ tó ń yí láti ọ̀tún sí òsì. Àwọn kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Ó tún wọn kà pẹ̀lú ìka. Nígbà tó yíjú padà, ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ òfìfo sí mi.

Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀.

Awakọ̀ bi wá pé ta là ń wá. Mo dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà di imú, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń rùn bí agbada wàrà ni? Ó ní oòrùn kù bí ìka kan lórí òkè nígbà tó yí wọlé, Kasaki kan sì gbé e sókè tòun ti kẹ̀kẹ́. Ó ní ajá ibùdó lá táyà náà títí ilẹ̀ fi mọ́, àti pé nígbà tó ń lọ láàárọ̀, ajá náà tẹ̀ lé e.

Mo fún awakọ̀ ní abọ́ méjì.

Naryn ni Aijarkin wà báyìí. Ó máa ń mú àwọn àlejò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, gbogbo wọn lórí kẹ̀kẹ́, ojú wọn pupa bíi tòmátò. Bí baálé mi bá ti gbọ́ ìró wọn, yóò dìde, yóò fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, yóò di ara wọn mú, yóò sì fi orí nìkan kí wọn. Àwọn àlejò rò pé bí a ṣe ń kí ènìyàn lọ́dọ̀ wa nìyẹn, àwọn náà a fi ọwọ́ sẹ́yìn dá a lóhùn. Èmi kì í sọ nǹkan kan. Àpò wàrà mi ni mo máa ń gbájú mọ́.

*Kẹ̀kẹ́ kì í jẹ koríko,*
*Kẹ̀kẹ́ kì í mu omi odò,*
*Wàrà kíkan ló mu lọ́dọ̀ mi,*
*Ló bá gbé ọmọ mi gòkè, ó tún gbé e bọ̀.*